Mashíìnì Ìtuyẹ́ àti Ọwọ́ Ganiat

Lópin ìrun Àsùbáà, Ganiat sálámà sọ́tùn-ún, ó sálámà sósì, ó sì gbójú sókè wo gílóòbù kó tó tẹ́wọ́ àdúà. Ó mọ̀ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta rèé tí wọn kò tíì rí iná ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ojú rẹ̀ ti ń lọ síbẹ̀ láìjẹ́ pé ó rán an. Gílóòbù dúdú lókè. Ó tẹ́wọ́, àmọ́ dípò kó máa tọrọ, ọwọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wò.

Ọwọ́ náà ti rọ̀. Kì í ṣe irọ́. Láti nǹkan bí oṣù kan ló ti ń fi òrí pa á lálaalẹ́, tó ń kì í bọ ìbọ̀sẹ̀ kó tó sùn, tí Abdulmujeeb ọkọ rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun kò mọ ìgbà tí òun fẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Gbogbo ibi tó ti sán ti pa pọ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ wò. Kò ha á.

Ó lé ní ogún ọdún tí Ganiat ti ń tu ìyẹ́ adìẹ fún àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó, àti èyí tí wọ́n sìn nínú kéèjì ẹ̀yìnkùlé wọn, àti èyí tí oníbàárà gbé wá. Abdulmujeeb a dúńbú, òun a rì í sínú omi gbígbóná, a sì fọwọ́ tu ú. Omi yẹn ló jẹ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí Khairiyyah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, bímọ, Ganiat gbé ìkókó náà sẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ láti wẹ̀ ẹ́. Bó ti fọwọ́ ra á lẹ́yìn báyìí, ilà pupa mẹ́ta yọ lára ọmọ, ọmọ sì figbe ta. Khairiyyah náà kígbe: "Mọ́mì, ọwọ́ yín ń ya ọmọ lára!" Kì í ṣe pé ó bínú. Ẹ̀rù ló bà á. Láti ọjọ́ náà, ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń wẹ ọmọ ní Lafiaji. Ganiat a lọ, a jókòó sórí àga, a máa wo ọwọ́ ẹlòmíì lára ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi kó gbogbo àjọ tó ń dá láti ọdún méjì, tó fi ra mashíìnì.

Ẹ̀yìnkùlé ni mashíìnì náà wà, lábẹ́ páànù, tí wọ́n fi tapólì bò. Agolo ńlá kan ni, ìka rọ́bà kún inú rẹ̀ yíká. Bí wọ́n bá ti ju adìẹ mẹ́rin tó ti wọ omi gbígbóná sí i, tí wọ́n sì tanná sí i, yóò máa yí wọn gbiri-gbiri, kí ènìyàn tó ka ogójì, ìhòòhò ni wọ́n. Ọwọ́ kò kan omi. Ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń gbé adìẹ. Bí iná bá wà o. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ kù sí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń yí fáànù kò lè gbé e. Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, jẹnẹrétọ̀ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́, títí di òní ara rẹ̀ kò tíì yá.

Lánàá ni Khairiyyah pè. Ọmọ yóò pé ogójì ọjọ́ lónìí, ní ìdájí ọ̀la, Tawfiq ọkọ rẹ̀ yóò sì kó ìyá àtọmọ lọ sí Kánò níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. "Mọ́mì," ló wí, "ẹ wá wẹ ọmọ fún mi lọ́la kí a tó lọ. Ẹ ní ọwọ́ yín ti rọ̀. Ẹ má jẹ́ kó kọjá Mọgàríbì o, ẹ mọ̀ pé Àlàájà kì í fẹ́ kí wọ́n wẹ ọmọ lẹ́yìn ìgbà yẹn."

Ganiat kò sùn dáadáa. Ayọ̀ ni kò jẹ́ kó sùn.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti Lafiaji. Alfa Jíbrílù ń ṣe ayẹyẹ wólíímọ̀ fún àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ lọ́la, adìẹ mẹ́rìnlélógún ló sì gbé wá. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló fẹ́ gbà wọ́n. Mashíìnì yóò tu gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Bí iná bá dé.

Aago mẹ́sàn-án lù, iná kò dé. Aago mọ́kànlá lù. Abdulmujeeb pọ́n ọ̀bẹ, ó tún un pọ́n, títí ọ̀bẹ náà fi fẹ́ẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín tí Ganiat gbé síwájú rẹ̀ ti tutù.

"Jẹ́ ká fọwọ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn ò tíì mú," ni Abdulmujeeb wí.

"Bàbá Khairiyyah, mi ò ní í ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná lónìí."

"Mẹ́rìnlélógún ni o."

"Mo gbọ́ iye tó jẹ́. Mo ní mi ò ní kì í bọ̀ ọ́."

Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó tún gbé ọ̀bẹ rẹ̀.

Ìyábọ̀ ló bá wọn gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ń ta nylon ní Ìdúmàgbò, ó sì háyà yàrá iwájú nínú ilé wọn. Kò lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà nítorí pé aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó fọ̀ ń dúró de áyọ́ọ̀nù.

"Ẹ lọ wo òdìkejì títì lọ́hùn-ún," ló wí. "Iná wọn kì í lọ. Fáànù wọn ń yí bí ẹni pé ọjọ́ ìgbéyàwó ni lójoojúmọ́. Wọ́n ní Band A ni wọ́n."

"Àwa ńkọ́?" Ganiat béèrè.

"Àwa ni Band Sùúrù," ni Abdulmujeeb dáhùn.

Ìyábọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ganiat kò rẹ́rìn-ín. Ìwé bíìlì tí wọ́n gbé wá lọ́jọ́ Túsìdeè ṣì wà lára ògiri níbi tí wọ́n há a sí. Iná lè gbàgbé ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Gángan. Àwọn tó ń pín bíìlì kò gbàgbé rẹ̀ rí. Títì kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín, ẹni tó wà lápá ibí ń jókòó sínú ooru, ẹni tó wà lápá ọ̀hún ń wọ súẹ́tà nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, a sì ní ìlú kan náà là ń gbé.

Wọ́n kírun Àílà tán, ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, ni ariwo sọ láti ìdí Ìdúmàgbò wá, ó ń ré láti ilé dé ilé: "Wọ́n ti mú un dé o!" Gílóòbù tàn. Rédíò kan tí wọn kò pa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn láti àárín. Ìyábọ̀ sáré lọ sídìí áyọ́ọ̀nù, lẹ́yìn náà ló rántí pé òun ṣèlérí láti ran Ganiat lọ́wọ́, ló bá tún sáré padà. Ganiat ká tapólì kúrò, ó tẹ bọ́tìnnì, mashíìnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ganiat fẹ́ẹ́ bú sí ijó.

Ọ̀nà kan wà tí Ganiat máa ń gbà ṣe é. Bí Abdulmujeeb bá ti pe Bísímílàhi tó sì dúńbú adìẹ, Ganiat a gbé e sílẹ̀, a sì máa ka Sùbùhánàllàhí títí yóò fi pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Bó bá pé, ẹ̀mí ti jáde, ẹsẹ̀ kò ta mọ́, ìgbà náà ló tó gbé e sómi gbígbóná. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Adìẹ tí omi bá pa, kì í ṣe ọ̀bẹ ló pa á, mùsùlùmí kò sì gbọdọ̀ jẹ ẹ́.

Ó ka mẹ́tàlélọ́gbọ̀n fún mẹ́rin àkọ́kọ́. Mashíìnì yí wọn, wọ́n jáde ní funfun báláú. Ó kà á fún mẹ́rin kejì. Bí wọ́n ti ń kó ìyẹn jáde ni gílóòbù ṣẹ́jú, tí ohùn mashíìnì sì wálẹ̀. Ọkàn gbogbo wọn wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ohùn náà tún gòkè.

"Ẹ yára o, Bàbá Khairiyyah! Wọ́n fẹ́ mú un lọ!" ni Ganiat kígbe.

Abdulmujeeb dúńbú mẹ́rin mìíràn. Ganiat gbà wọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó rí Lafiaji lójú inú, ó rí ọpọ́n ìwẹ̀, ó rí ìkókó náà tó na ẹsẹ̀ sókè. Kò mọ ibi tó kà á dé. Ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìkòkò. Ọ̀kan na ìyẹ́ apá méjèèjì nínú omi, ó lu etí ìkòkò pàpàpà. Ganiat fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ìyá Khairiyyah," ni Ìyábọ̀ wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ìyẹn ṣì ń mí o."

Ganiat fi ọ̀pá kó wọn jáde. Ó kó wọn sí mashíìnì, mashíìnì yí wọn, wọ́n sì bọ́ sínú abọ́, mẹ́rin tó funfun, tó mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Abdulmujeeb kọ̀yìn sí wọn, ó ń mú òmíràn. Kò rí nǹkan kan. Bí Ganiat bá dákẹ́, ó parí nìyẹn. Adìẹ méjìlá ti wà nílẹ̀, méjìlá ló kù, iná ṣì wà, aago márùn-ún ṣì jìnnà. Ó wo abọ́ náà. Ó ronú nípa àwọn ọmọ kéwú tí wọn yóò wọ jálàbíà funfun lọ́la, tí wọn yóò jókòó yí àwo ká.

"Bàbá Khairiyyah," ló wí, "ẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀ ná. Mo ti gbé ọ̀kan sómi nígbà tó ṣì ń mí."

Ọkọ rẹ̀ yíjú padà. "Èwo nínú wọn?"

"Mi ò mọ̀. Wọ́n ti dà pọ̀."

"O ò kà á?"

"Mi ò kà á dé òpin."

"Ganiat!" Kò pe orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Khairiyyah ti wà ní kékeré. "Ogún ọdún! Nítorí iná?"

"Nítorí iná ni! Kí ló tún kù? Ṣé èmi ni mo ń mú un lọ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́," Ìyábọ̀ bọ́ sáàárín wọn, "ẹran náà ni gbogbo ẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi," ni Ganiat wí.

Ibi tí wọ́n dúró sí ni wọ́n wà tí mashíìnì fi ké kékeré, tó sì dákẹ́. Rédíò dákẹ́. Gbogbo àdúgbò mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni iná náà lò, bóyá kò tilẹ̀ pé bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, Ganiat lọ sídìí kéèjì, ó sì ṣí i. Àkùkọ mẹ́rin ló kù níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi àgbàdo bọ́ wọn láti ìgbà tí Khairiyyah ti lóyún, ó fẹ́ tu wọ́n, kó dín wọn, kó kó wọn fún un lọ sí Kánò, kí ọmọ rẹ̀ má baà dé ìlú onílùú kó máa wá ohun tí yóò jẹ. Ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọkọ rẹ̀.

"Àwọn wọ̀nyí ni ká fi dípò," ló wí. "Ìyábọ̀, kó mẹ́rin inú abọ́ yẹn. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀ fún ìwọ."

Ìyábọ̀ dúpẹ́. Ó gbé abọ́ náà wọlé bí ẹni tó gbé nǹkan tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì padà jáde, ó ká aṣọ sókè, ó jókòó sórí àpótí.

Nígbà tí ọ̀bẹ kan gbogbo wọn tán, mẹ́rìndínlógún ló wà nílẹ̀ láti tu. Abdulmujeeb ki ọwọ́ bọ omi, ó fà á yọ kíá, ó gbọn ọ́n, ó sì tún kì í bọ̀ ọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni òun àti Ìyábọ̀ jọ ń tu, ìyẹ́ sì kún ara rẹ̀ síbẹ̀.

"Máa lọ sí Lafiaji," ló wí láìgbójú sókè. "Máa lọ. A ó ṣe é."

Ganiat wo adìẹ kan ṣoṣo náà. Ó wo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù. Bí àwọn méjèèjì yìí bá ń bá a lọ báyìí, Àsùbáà ni wọn yóò parí. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó sì wọ́ ìkòkò omi sọ́dọ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ọwọ́ tó ti le kì í tètè mọ gbígbóná omi lára. Ti Ganiat ti rọ̀, ó mọ̀ ọ́n gan-an. Ní adìẹ kẹta, àárín ìka rẹ̀ bó. Ní ìkẹfà, ó ki ìka sẹ́nu, ó tún dá a padà sómi. Nígbà tí wọ́n pe Alásàrí, ó kírun, omi àlùwàlá ta á débi pé ó sọkún díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í ní ìdí ẹkún. Ní adìẹ kẹwàá, èékánná kan ṣí. Bí omi ìkòkò bá tutù díẹ̀, Abdulmujeeb ń mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ kó tó lọ gbé gbígbóná wá.

Alfa Jíbrílù dé ní aago márùn-ún, ó jókòó dè wọ́n di aago mẹ́fà. Ó ka adìẹ rẹ̀, mẹ́rìnlélógún. Inú rẹ̀ dùn.

"Ìyá Khairiyyah, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ tí ẹ fi ṣe iṣẹ́ yìí dùn yín."

"Àmín," ni Ganiat wí, ó sì fi ọwọ́ náà sábẹ́ híjáàbù.

Ó wẹ̀ kíákíá, ó pààrọ̀ aṣọ, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Lafiaji. Ó fẹ́ẹ́ máa sáré. Kò gbé nǹkan kan dání fún ọmọ rẹ̀. Títì kún, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń tilẹ̀kùn, oòrùn ti bọ́ sẹ́yìn ilé gíga, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ládàánì rọra pe Mọgàríbì.

Àlàájà Àṣàbí, ìyá Tawfiq, ti gbé ọpọ́n ìwẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó wọlé.

"Ẹ káàbọ̀, àna mi. Ó kù díẹ̀ kí n bẹ̀rẹ̀. Ọkàn mi kàn ní kí n ṣì ní sùúrù fún yín."

"Ẹ má bínú, Àlàájà. Ọ̀rọ̀ iná ni."

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Àwa náà ò rí i láti àná. Ẹ jókòó, ẹ tètè wẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ n lọ ṣe àlùwàlá."

Fèrèsé yàrá náà kọjú sí ògiri ilé kejì, òkùnkùn ti kún inú rẹ̀ kí ilẹ̀ ìta tó ṣú. Tọ́ọ̀ṣì kékeré kan ló wà lórí pẹpẹ, kò tànmọ́lẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Àwọn àpò Khairiyyah ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti di wọ́n. Ganiat kò fẹ́ wo àpò náà.

"Mọ́mì, mo ti rò pé ẹ ò ní wá mọ́."

"Mo ti dé. Gbé e fún mi."

Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀. Khairiyyah bọ́ aṣọ ọmọ, ó tẹ́ ẹ lé e lẹ́sẹ̀.

"Ọwọ́ yín ńkọ́? Ẹ ní ó ti rọ̀."

"Ó ti rọ̀," ni Ganiat wí nínú òkùnkùn. "Fa omi yẹn sọ́dọ̀ mi."

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lásán ni, ṣùgbọ́n ó jó o bí iná. Ó fi eyín tẹ ètè mọ́lẹ̀. Kò fi ìka kan ọmọ. Kànrìnkànrìn rírọ̀ ló fi ń wẹ̀ ẹ́, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ apá, níbi tí omi gbígbóná kò dé, gbá a mọ́ra. Ó wẹ orí, ó wẹ ọrùn, ó wẹ abẹ́ apá. Ọmọ náà wúwo ju bó ti rò lọ. Kò ké. Ó la ojú sílẹ̀, ó ń wá ẹni tó gbé e. "Ashraf," ni ìyá àgbà rẹ̀ pè é, "Ashraf mi, èmi ni o, èmi ni." Ogójì ọjọ́ ló ti ń fẹ́ sọ ìyẹn fún un. Ó fẹ́ kí ọ̀nà Kánò jìn sí i, kí mọ́tò bàjẹ́, kí ilẹ̀ ọ̀la má mọ́. Ó fẹ́ kí omi inú ọpọ́n náà má tán.

Ariwo bú níta. "Wọ́n ti mú un dé o!"

Gílóòbù tàn lójijì, ìmọ́lẹ̀ kún gbogbo yàrá. Ọwọ́ Ganiat di kànrìnkànrìn mú lórí àyà ọmọ, ó wú, ó pupa, awọ ti bó láàárín ìka, èékánná kan ti dúdú. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú omi kíá, ṣùgbọ́n omi ìwẹ̀ ọmọ kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀. Láti ìdájí ló ti ń tọrọ iná. Ó wá ń bẹ Ọlọ́run báyìí pé kí wọ́n mú un lọ.

Khairiyyah wo ọwọ́ náà. Ó wò ó pẹ́. Ganiat kò lè gbójú sókè wò ó, ó ń dúró kí ó na ọwọ́ gba ọmọ rẹ̀.

Khairiyyah dìde. Ó lọ sídìí ògiri, ó sì pa iná.

"Ta ló paná o?" Àlàájà kígbe láti ẹ̀yìnkùlé. "Iná tí a ti ń retí láti àná!"

"Èmi ni, Mà. Ó ń ta ọmọ lójú ni."

Ó padà wá, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ títí èjìká wọn fi kanra. Ó bu omi, ó rọra dà á sára ọmọ.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kù, Mọ́mì. Ẹ wẹ̀ ẹ́."